Bí ẹja inú paksiw kò ṣe fọ́ mọ́

Rírò ló ń fọ́ ẹja inú paksiw na bangus, ọbẹ̀ ẹja bangus tí àwọn ará Fílípíìnì ń fi fínígà sè. Ẹja kílò kan la gé sí mẹ́rin, a tẹ́ ẹ sórí atalẹ̀ àti aáyù nínú ìkòkò irin tí kì í dípẹtà; fínígà máa ń jẹ alumíníọ́ọ̀mù. Ìdajì ife fínígà, ife omi kan, iyọ̀ ṣíbí kékeré kan. A kò dé e, a kò rò ó, títí ó fi hó: kíkan tó ń gún imú bá oru lọ. A wá dín iná kù, a dé e fún ìṣẹ́jú 15. Èso ampalaya, ẹ̀yà ejìnrìn gan-an ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn ló wọlé, orí ẹja ló sì dúró sí. Bí a bá rò ó pọ̀, gbogbo omi ọbẹ̀ á korò. Bó bá fẹ́ jó, ìkòkò la mì.