Ẹ̀yìn Bọ́ńpà Ni Mo Kọ́kọ́ Wò

Ohun mẹ́ta ló wà nínú àpò mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mo wa Hilux mi dé Géètì, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ n'Ìbàdàn: òòfà tí mo yọ lára rédíò kan tó ti kú, téèpù ìwọ̀n àwọn bíríkìlà, àti kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó, tí mo yá lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní LAUTECH. Ọmọ ajílété ni mí, mo ti jẹ ọkà kí n tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí mo mọ̀ pé ọjọ́ náà á gùn. Ẹni àkọ́kọ́ tó rí mi tí mo ń fi òòfà kan ọjà rẹ̀ bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé góòlù lẹ wá rà ni?" Mo ní bọ́ńpà ni. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ wá wò mí.

Kajú ni mò ń rà, láti oko dé oko, lápá Ìrẹsà-Àdú àti Oríilé-Ìgbọ́n. Hilux ọdún 2012 tó ń lo bẹntiróòlù ni mo fi ń kó o. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà kajú tó kọjá, màlúù kan já kúrò nínú agbo, ó bọ́ síwájú mi. N kò sáré, bíi 40 ni ọwọ́ ago wà. Bọ́ńpà iwájú, tó jẹ́ rọ́bà, fọ́ bí igbá, irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀, ó ti rédíétọ̀ sẹ́yìn títí fáànù fi gé e. Omi dà sílẹ̀ ṣàà. Ọ̀rọ̀ màlúù yẹn ti parí láàárín èmi àti ẹni tó ni ín. Èyí tí kò tán lára mi ni pé inú ọkọ̀ ni mo sùn mọ́jú, tí ẹ̀fọn fi mí ṣe oúnjẹ alẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti pinnu pé n kò ní fi rọ́bà rọ́pò rọ́bà, bọ́ńpà irin ni mo máa wá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí fẹ́ kí n ra bọ́ńpà tó ní ẹ̀rọ tó ń fi okùn wáyà fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Mo ronú wò ó: ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rì sẹ́rẹ̀ láti ọdún méjì, gààrí àti ẹja gbígbẹ ni mo sì fún àwọn ọmọ oko tó tì mí jáde. Ẹ̀rọ yẹn nìkan kì í sábà dín ní kílò 25. Mo ní kó jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀.

Kí n tó rò ó dé Ìbàdàn rárá, bàbá wẹ́dà kan ní Tákíé ni mo kọ́kọ́ lọ bá, torí òun ló jó géètì ilé mi, géètì náà kò sì yẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Bàbá yí Hilux po lẹ́ẹ̀kan, ó lu àyà. "Ọmọ mi, irin tó nípọn ní mílímítà mẹ́fà ni màá fi ṣe é fún ọ. Tírélà gan-an á yà fún ọ lọ́nà." Ó wù mí. Díẹ̀ ló kù kí n san owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo mú ìwé tí mo fi ń ṣírò kajú, mo ṣírò irin sí i. Irin tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, tí kò nípọn ju mílì 1 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 8. Bọ́ńpà tó máa bo iwájú Hilux, ká ka ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn, á gba irú irin bẹ́ẹ̀ kan àtààbọ̀. Tó bá jẹ́ mílì 6, ó ti lé ní kílò 70 ká tó dé orí ẹsẹ̀ tí yóò fi di ṣásí, egungun irin abẹ́ ọkọ̀, mú. Tó bá jẹ́ mílì 3, ìdajì rẹ̀ ni. Ẹrù ọ̀hún kò tún ní jókòó sórí táyà, iwájú táyà ni yóò so rọ̀ sí. Ẹni tó bá ti fi igi kọ́ ẹrù sí èjìká rí mọ̀ pé bí ẹrù bá ṣe ń sún lọ sí ṣóńṣó igi ni èjìká ń gbà á sí. Sípírín ẹ̀yìn Hilux, irin pẹlẹbẹ tó to léra ni, ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Ti iwájú, èyí tó ká bí ejò, rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń yàn án.

Èyí tó tún bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ rírún. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe iwájú ọkọ̀ òde òní kó lè rún ni, kó fi ara gba ìkọlù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń tú ẹ́ábáàgì sílẹ̀ náà, bí ọkọ̀ ṣe dúró lójijì sí ló ń wò kó tó tú u. Bí mo bá lọ fi irin tí kò mọ̀ọ́ rún dí ibẹ̀, àyà mi ni yóò rún dípò rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ bọ́ńpà dunjú fi ń ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà tí yóò fi lè ká kò díẹ̀ tàbí sún sẹ́yìn bí nǹkan ńlá bá gbá a. Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé ẹni tí a lè kọ lù: ọlọ́kadà, ọmọ iléèwé. Irin tí etí rẹ̀ mú bí àdá kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ gbé kiri Ọjà Wáásò.

Mo padà lọ bá Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mílì mẹ́ta ni mo fẹ́. Ó wò mí títí. "Mílì mẹ́ta? Agolo mílíìkì nìyẹn." A kò jà, ṣùgbọ́n mo rí i pé iṣẹ́ tí kò wù ú ni mo fẹ́ gbé fún un. Bí mo ṣe gbọ̀nà Ìbàdàn nìyẹn, pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ rédíétọ̀ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní bọ́ńpà, bí ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Mo mọ̀ọ́mọ̀ wà á lọ bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹni tó bá fi fóònù ya àwòrán ọkọ̀ lọ ra bọ́ńpà, fóònù ni yóò gbé bọ́ńpà náà wọ̀.

Mẹ́ta ni mo rí tó yẹ ní wíwò. Àkọ́kọ́ ń dán gbinrin, páìpù roboto tó ká sókè dé ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá tó pè mí ní olówò góòlù yẹn ló ni ín, ó búra pé stainless ni. Irú stainless tí wọ́n fi ń ṣe ọwọ́ àtẹ̀gùn ilé kì í sábà fẹ́ kí òòfà dì mọ́ òun. Òòfà mi bá páìpù yìí, kò fẹ́ wá mọ́. Agbára ni mo fi já a. Irin lásán tí wọ́n fi nǹkan dídán bò ni. Mo bojú wo ẹ̀yìn rẹ̀: bóòtù tín-ínrín mẹ́rin, wọ́n kàn kọ́ ọ mọ́ irin pẹlẹbẹ tó gbé rọ́bà dúró. Kò kan ṣásí rárá. Òórùn màlúù lásán ti tó láti tẹ irú èyí. Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìkejì jẹ́ ARB, iṣẹ́ àwọn ará Ọsirélíà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Bí màlúù ṣe ń já lu ọ̀nà níbí ni kangarú ń já lu ọ̀nà lọ́dọ̀ wọn, kò yà mí lẹ́nu pé wọ́n mọ iṣẹ́ yìí. Tòkunbọ̀ ni, ó lẹ́wà, ó sì lágbára. Ṣùgbọ́n ti Hilux tó ṣáájú tèmi ni. Wọ́n yí ojú Hilux padà kí ti 2012 tó jáde, iná àti gíríìlì kò rí bákan náà mọ́. Nígbà tí a gbé e sí i, àlàfo abẹ́ iná ọwọ́ òsì gba àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹni tó ń tà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ó gé e, á wọlé." Mo dúpẹ́, mo kọjá. Irin tí wọ́n bá gé láti fi tẹ́ ojú lọ́rùn, ibi tí wọ́n gé yẹn ni ògùn-ún yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkẹta kò ní ẹwà kankan. Àwọ̀ dúdú rẹ̀ ti ṣí níbi méjì, kò ní orúkọ lára. Mo ní kí wọ́n bá mi dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló tà á fún mi. Ẹsẹ̀ méjì nínípọn, ihò mẹ́rin-mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan, ó sì bá ihò orí ṣásí mi mu gẹ́ẹ́. Kálípà sọ pé ara rẹ̀ jẹ́ mílì 3, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 6. Ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ lọ tààrà, kì í ṣe pé wọ́n tò ó tó-tò-tó. Ìkọ́ méjì tí a fi ń so okùn fa ọkọ̀, ara ẹsẹ̀ ni wọ́n jó o mọ́, kì í ṣe ara awọ iwájú; ìkọ́ tó bá wà lára awọ, ọjọ́ tí ẹrẹ̀ bá mú ọkọ̀ ni yóò já bọ́ bí òkò. Ojú fèrèsé tí atẹ́gùn yóò gbà kan rédíétọ̀ gbòòrò dáadáa. Mo fi sípánà lù ú káàkiri kí n lè gbọ́ bóyá wọ́n fi pọ́tì bo ibi tó ti fọ́ rí. Kò síbi tó dún bò.

A nájà títí oòrùn fi dé àtàrí. Owó ohun tó ń dán yẹn ju tirẹ̀ lọ, ẹ wá rò ó wò.

Nílé, a gbé e sórí òṣùwọ̀n kajú: kílò 58. Rọ́bà àtijọ́ àti irin tó tẹ̀ náà jẹ́ kílò 12. Àfikún 46 nìyẹn, bí àpò kajú kan tí kò kún. Mo wọn gíga láti àárín táyà iwájú dé etí ara ọkọ̀ lókè rẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Dídè é gba ọ̀sán kan. Mo ra bóòtù tuntun tí wọ́n tẹ 8.8, àmì bí irin rẹ̀ ṣe le tó, sí lórí, torí àwọn tó bá a wá ti dógùn-ún. Jáàkì la fi gbé e dúró. A kò fún bóòtù kankan pa títí gbogbo wọn fi wọlé tán, a wọn àlàfo ọ̀tún àti òsì, a fi wọ́ṣà kan gbé apá òsì sókè díẹ̀, ká tó wá fún un. Mẹkáníìkì fẹ́ kí a fi iná jó o mọ́ ṣásí díẹ̀ "kó lè gbó sí i." Mo kọ̀. Ohun tí a jó pa, a kò ní lè tú u mọ́, iná sì lè ba agbára ṣásí jẹ́. Ríwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, gbé fèrè kúrò níbi tí ẹsẹ̀ bọ́ńpà ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó so iná kùrukùru pẹ̀lú rílé àti fíúsì tirẹ̀. A gbé nọ́ńbà síbi tí ó hàn kedere, kí n má baà máa ṣàlàyé lójú ọ̀nà.

Iwájú lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n iná iwájú ti ń wolẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. A dojú ọkọ̀ kọ ògiri lálẹ́, a tún un tò. Mo wà á lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́sàn-án gangan, mo tò sẹ́yìn àwọn tírélà lórí ọ̀nà àtijọ́, mo ń ṣọ́ ago ooru. Kò kúrò lójú kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo tún fi sípánà wò ó, bóòtù kan lápá ọ̀tún ti ń dẹ̀. Bí n kò bá tún un fún ni, ariwo ni ì bá kọ́kọ́ fi sọ fún mi.

Bàbá wẹ́dà ni mo gbé iṣẹ́ tó kù fún: kó fi fáìlì pa etí mímú tó wà nísàlẹ̀, kó fọ ojú ògùn-ún méjèèjì, kó kun rẹ́ẹ̀dì ọ́sáìdì, ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, sí i kó tó kun dúdú. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó wo ẹsẹ̀ bọ́ńpà náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n jó. Nígbà tó jáde, kò sọ̀rọ̀ agolo mílíìkì mọ́. Ó ní ẹni tó jó o mọṣẹ́. Ó wá béèrè òòfà mi, ó ní àwọn kan ń kó páìpù wá tà fóun ní stainless. Òòfà ọ̀hún kò tíì padà wálé.