Ìrírí Mi: Bí Mo Ṣe Yan Kọ́ọ̀sì fún Iṣẹ́ Social Work ní Maryland

Nígbà tí mo pinnu pé mo fẹ́ di òṣìṣẹ́ social work ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà tí mo ń gbé, kọ́ọ̀sì mẹ́rin ni àwọn ènìyàn tọ́ka sí fún mi: social work fúnra rẹ̀, sáíkọ́lọ́jì, sosiọ́lọ́jì, àti èyí tí wọ́n ń pè ní human services. Ìyá mi fi nọ́ọ̀sì ṣe ìkarùn-ún, nítorí pé lójú ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà níhìn-ín, ẹni tó bá ti kàwé nọ́ọ̀sì ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́. N kò bá wọn jiyàn. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n wádìí ọ̀nà náà dé òpin ná, kí n tó fún yín lésì." Ìwádìí yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé síbí, nítorí ó máa ń dùn mí bí àwọn ọmọ wa bá mú kọ́ọ̀sì torí pé orúkọ rẹ̀ fani mọ́ra, láìmọ ibi tí yóò gbé wọn já sí.

Iṣẹ́ náà gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni mo jẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, èmi ni mò ń wẹ̀ fún àwọn àgbà, tí mò ń fún wọn lóúnjẹ, tí mo sì ń tì wọ́n lórí kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí òṣìṣẹ́ social work ń ṣe tí dókítà àti nọ́ọ̀sì kì í ráyè ṣe. Ara ìyá àgbà kan lè yá débi tí dókítà yóò fi ní kí wọ́n máa lọ sílé, síbẹ̀ kí àtẹ̀gùn ilé wọn ga ju èyí tí ẹsẹ̀ wọn lè gùn, kí ọmọ tó ń bá wọn gbé máa ṣiṣẹ́ òru, kí Medicaid, ètò ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú ìlera fún àwọn tí owó wọn kò tó, má sì tíì fọwọ́ sí owó ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn nílé. Ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù Medicaid náà, tó ń pe ẹbí jọ, tó ń wá ẹni tí yóò máa wá wò wọ́n, tó sì ń bi ìyá àgbà léèrè ohun tí àwọn fúnra wọn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó pinnu fún wọn, òun ni òṣìṣẹ́ social work. Ohun tí ọkàn mi fà sí nìyẹn. Abẹ́rẹ́ àti oògùn kò fà mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo bọ̀wọ̀ gidi fún àwọn tó yàn án.

Mo lọ bá obìnrin tó wà nípò náà níbi iṣẹ́ wa, mo bi wọ́n pé kọ́ọ̀sì wo ni kí n kà. Wọ́n ní kí n má wo ti àwọn, kí n lọ ka òfin ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìpínlẹ̀ wa, nítorí òfin náà yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí mo gbà, èyí ló wúlò jù. Ní Maryland, LBSW ni ìwé àṣẹ ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́, LMSW ni ti ẹni tó ní oyè kejì, LCSW-C ló sì wà lókè pátápátá, torí òun ló ń fún ènìyàn láṣẹ láti dá dúró ṣàyẹ̀wò àìsàn ọpọlọ kí ó sì tọ́jú rẹ̀. Kí ènìyàn tó dé orí LCSW-C, yóò ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 3,000 lábẹ́ àmójútó lẹ́yìn oyè kejì. Ibi tó kàn mí jù ni ti LBSW: oyè àkọ́kọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti social work, láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí Council on Social Work Education fọwọ́ sí, ìyẹn àjọ CSWE tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1952. Ẹni tó gba oyè sáíkọ́lọ́jì tàbí sosiọ́lọ́jì, bó ti wù kí máàkì rẹ̀ dára tó, kò lè fi í gba LBSW.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun kan níbí, nítorí mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń jiyàn pé ẹni tó ka sáíkọ́lọ́jì tàbí sosiọ́lọ́jì náà lè ṣe iṣẹ́ yìí ní ilé ìtọ́jú arúgbó. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ilé ìtọ́jú arúgbó tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bá ju 120 lọ gba òṣìṣẹ́ social work kan tí yóò máa wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo àkókò iṣẹ́, òfin náà sì gba ẹni tó ní oyè nínú social work tàbí nínú ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ọn, bíi sáíkọ́lọ́jì, sosiọ́lọ́jì àti ẹ̀kọ́ nípa ọjọ́ ogbó, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti fi ọdún kan ṣiṣẹ́ náà lábẹ́ àmójútó níbi ìtọ́jú ìlera. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Àmọ́ ẹni tó ń gbé Maryland gbọ́dọ̀ ka òfin ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ pa pọ̀, nítorí èyí tó le jù nínú méjèèjì ni yóò dè é.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn kọ́ọ̀sì yòókù. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń fúnni ní oyè kejì nínú social work máa ń gba ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ mìíràn, nítorí náà ẹni tó ti ka sáíkọ́lọ́jì kò sọ nǹkan kan nù. Yóò kàn lo ọdún méjì gbáko nídìí oyè kejì. Ẹni tó ti ní oyè àkọ́kọ́ nínú social work lè wọlé nípa ètò tí wọ́n ń pè ní advanced standing, èyí tó sábà máa ń dín in kù sí nǹkan bí ọdún kan. Fún ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ kàwé, tó tún ń fowó ránṣẹ́ sílé ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ ọdún kan yẹn tóbi púpọ̀. Bí ẹnì kan kò bá tíì dá ara rẹ̀ lójú, tó sì ń ronú pé òun lè yà sí iṣẹ́ mìíràn, èmi náà yóò ní kó ka sáíkọ́lọ́jì. Ní tèmi, ó ti dá mi lójú. Human services ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò, torí pé òun náà kò lè fún mi ní LBSW.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá jókòó ti ìwé ètò ẹ̀kọ́ àwọn yunifásítì. Ohun tó ya social work sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ ìdánrawò: CSWE kò gbà kí wákàtí rẹ̀ dín ní 400 fún oyè àkọ́kọ́, tàbí kó dín ní 900 fún oyè kejì. Inú ọ́fíìsì, ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti ṣe é, níwájú àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́, pẹ̀lú ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Èyí wù mí gan-an, nítorí n kò gbà pé ìwé nìkan lè kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń bá ọmọ tó ń na ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó sì tún jẹ́ ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ bíi tèmi rò dáadáa, nítorí ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wọ̀nyí máa ń ṣí, ọ̀pọ̀ kì í sì í sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́. Mo bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ ṣáájú kí n tó forúkọ sílẹ̀, a sì jọ gbà pé òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ṣiṣẹ́ ní ọdún tí ìdánrawò bá kàn mí.

Bí mo ṣe máa dé ibẹ̀ kò ṣòro ṣètò. Mo bẹ̀rẹ̀ ní Prince George's Community College, níbi tí owó ti kéré, mo sì fi ojú sí Bowie State University, tó ní ẹ̀ka social work tí CSWE fọwọ́ sí. Orí ìkànnì CSWE ni mo ti rí ìfọwọ́sí náà, nítorí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ sí, kì í ṣe yunifásítì lódindi. Mo lo ARTSYS, ìyẹn ètò tí Maryland fi ń fi han akẹ́kọ̀ọ́ irú kíláàsì tí yóò bá a kọjá sí yunifásítì, kí n má baà jókòó sí kíláàsì tí wọn kò ní kà fún mi nínú kírẹ́díìtì 120 tí oyè àkọ́kọ́ sábà máa ń gbà.

Mo wá padà sọ́dọ̀ ìyá mi. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n á gbà ọ́ síṣẹ́?" Mo ka ibi iṣẹ́ náà fún wọn: ilé ìwòsàn, ilé ìtọ́jú arúgbó, ilé ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì ìjọba tó ń dáàbò bo ọmọdé. Wọ́n béèrè gbèsè. Mo sọ fún wọn pé owó ìrànwọ́ Title IV-E wà fún àwọn tó bá ṣèlérí láti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé fún ìjọba, ṣùgbọ́n pé n kò ní gbà á, nítorí àwọn àgbà ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ fún, kò sì tọ́ kí n gba owó ìlérí tí ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Mọ́mì ní, "Ó dáa, máa kà á."

Social work ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. LBSW ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbà, lẹ́yìn náà oyè kejì. N kò sì ní jẹ́ kó pẹ́ láàárín méjèèjì, torí pé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló fi gbèdéke ọdún sí ètò advanced standing, ẹni tó bá sì kọjá rẹ̀ yóò padà sí ti ọdún méjì.