Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá àtúnṣe ètò ọrọ̀ ajé máa fẹsẹ̀ múlẹ̀

Ọdún 21 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní iṣẹ́ Government n'Ìbàdàn. Bí ìjọba bá kéde pé òun ò ní dá iye owó nǹkan mọ́, pé kí ọjà máa darí ara rẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn pé: ta ló láṣẹ láti ṣe é, ta ló sì lè dá a dúró?

Ẹ wò ó bóyá òfin ló gbé e ró tàbí ìkéde lásán. Lọ́jọ́ kìíní ọdún 2012, ìjọba Jonathan yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù sì fò láti ₦65 sí ₦141. Lọ́jọ́ kẹjọ, ilé aṣojú-ṣòfin jókòó ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ní kí ìjọba dá a dúró ná. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, NLC, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, yanṣẹ́ lódì. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Sáńgo dé Mọ́kọlá lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tó fi pé ọ̀sẹ̀ kan, epo ti wálẹ̀ sí ₦97.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìwé ìṣúná. Òfin epo rọ̀bì tọdún 2021 ti ní kí ọjà máa dá iye epo, ṣùgbọ́n ìjọba sún un síwájú títí ìdìbò fi kọjá. Ìṣúná 2023 wá pèsè owó ìrànwọ́ títí dé ìparí oṣù kẹfà péré. Nígbà tí Tinubu kéde lọ́jọ́ tó gbàjọba pé ó ti tán, owó náà ti fẹ́ tán nínú ìwé tẹ́lẹ̀. Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ sì dá NLC lẹ́kun kí wọ́n tó yanṣẹ́ lódì.

Àwọn ọmọ máa ń sọ pé ìjọba ológun ló yá jù. Ó yá lóòótọ́! Lọ́dún 1986, wọ́n tú àjọ kòkó, tó ń dá owó kòkó fún àgbẹ̀, ká, wọ́n sì fi náírà sílẹ̀ fún ọjà. Kò sẹ́ni tó bi bàbá mi, tó ń ṣoko kòkó n'Ídànrè, ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1994, Abacha so náírà mọ́ 22 sí dọ́là kan. Ohun tí ológun kan fi àṣẹ ṣe ni òmíràn fi àṣẹ tú.

Iná mànàmáná ni iṣẹ́ àṣetiléwá. Àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa lọ́dún 2023 fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti dá ọjà iná tiwọn sílẹ̀. Ẹ lọ bi aṣòfin àdúgbò yín bóyá ìpínlẹ̀ yín ti ṣòfin tirẹ̀, àti ẹni tí yóò máa dá owó iná.