Bí ẹ ṣe lè mú ọmọ wẹ́wẹ́ jáde n'Íbàdàn kí ara gbogbo yín sì balẹ̀

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ní ọmọ tí ò tíì pé ọdún méje, ọ̀rọ̀ òde ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ bá yín sọ o. Ìbàdàn là ń gbé, àkọ́bí mi ń lọ sí ọdún mẹ́fà, àbúrò ẹ̀ pé méjì ààbọ̀, ó sì ti tó ọdún kan ààbọ̀ tá a ti ń kó wọn jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ohun tí òde yẹn ti kọ́ mi ò ju ẹyọ kan lọ: ibi kan ṣoṣo lójúmọ́. Àní ibi kan.

Nígbà àkọ́kọ́ tá a jáde, mo ní owó mọ́tò tá a máa ná ti pọ̀, ká kúkú fi ọjọ́ kan parí gbogbo ẹ̀, la bá lọ sí zoo UI (ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn) láàárọ̀, a gba ọgbà Àgọ́dì lọ́sàn-án, a tún ní a máa dé mall kílẹ̀ tó ṣú. Aago mẹ́ta ò tíì lù tí ẹ̀gbọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú Àgọ́dì, ó ní òun ò rìn mọ́, àbúrò ń ké lẹ́yìn mi torí kò rí oorun ọ̀sán sùn, pampers ẹ̀ sì ti kún, èmi àti dádì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ra wa lójú àwọn ọmọ. Ó dùn mí gan-an. Owó la ná, ìgbádùn la sì ń wá lọ.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó mú ibi tẹ́ ẹ máa lọ, oorun ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ aago kan ló máa ń sùn, kẹ́ ẹ ti wà lójú ọ̀nà ilé ní aago méjìlá ààbọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ oorun ẹ̀ nínú mọ́tò. Ìyẹn ni pé àárọ̀ kùtù lẹ máa jáde, ẹ débẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń ṣí géètì, oòrùn ò tíì mú, èrò ò tíì pọ̀, ẹ ò sì ní tò síbi tíkẹ́ẹ̀tì. Wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ti tó fún ọmọ ọdún méjì, ẹ má jẹ́ kí ojú owó tẹ́ ẹ san mú yín dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù lọ́jọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣí àti iye tí wọ́n ń gbà, torí iye yẹn kì í dúró sójú kan, kẹ́ ẹ sì mú owó dání lọ́wọ́, ìgbà tí network POS bá lọ kì í mọ̀ pé ọmọ ń sunkún. Ọjọ́ ọdún Iléyá àti ọjọ́ kejì Kérésì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó sílé, èrò tó máa ń wà níta lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe tọmọ kékeré.

Ẹrù, alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni kẹ́ ẹ ti dì í. Aṣọ ìpààrọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, búlọ́ọ̀sì kan fún ẹ̀yin náà (èébì kì í ṣe ti aṣọ ọmọ nìkan), ọ̀rá tẹ́ ẹ máa kó aṣọ tó bá dọ̀tí sí, omi mímu, omi míì lọ́tọ̀ fún ìdí ọmọ torí ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́ tómi wà níbẹ̀ ò wọ́pọ̀, àti ankara ògbólógbòó kan. Ankara yẹn ṣiṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ: òun lẹ máa tẹ́ sábẹ́ igi jókòó, òun lẹ máa ta yí ọmọ ká tó bá fẹ́ tọ̀, òun lẹ máa fi pọ̀n ọ́n nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ ọmọ sílé, òkúta àti àtẹ̀gùn ibi tá à ń lọ pọ̀ ju ohun tí táyà wẹ́wẹ́ yẹn lè gbà lọ, ẹ̀yìn yín ló dáa jù.

Oúnjẹ, ẹ sè é láti ilé. Jọ́lọ́ọ̀fù nínú kúlà, dòdò, ẹyin sísè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ̀pà àti gúgúrú, ẹ má fún ọmọ tí ò tíì pé mẹ́rin, ó lè há a lọ́fun nígbà tó bá ń jẹ tó ń sáré. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ ya fọ́tò ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i ní apá. Ìyá tọ́mọ ẹ̀ bá sọnù láàárín èrò kì í rántí àwọ̀ aṣọ tó wọ̀ fún un mọ́, mo ti rí i lójú mi.

Ó yá, ibo la máa lọ?

Tó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, zoo UI ni kẹ́ ẹ lọ, nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Ọdún 1948 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹranko jọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ẹranko, ó wá di zoo gidi lọ́dún 1974, àwọn tó ti dàgbà nínú wa ṣì ń sọ̀rọ̀ Áruna àti Ìmádé, àwọn gọ̀rílà tó wà níbẹ̀ nígbà kan. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé igi pọ̀, ibòji wà, ẹsẹ̀ ọmọ sì lè rìn ín já. Kìnnìún, ẹ lọ wò ó láàárọ̀ o, torí kìnnìún lè sun oorun wákàtí 16 sí 20 lójúmọ́, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lọ́sàn-án ìrù ẹ̀ lẹ máa wò. Ẹ má fún ọ̀bọ lóúnjẹ, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ di bisikíìtì mú nítòsí àgò wọn, ọwọ́ ọ̀bọ yá ju ọwọ́ yín lọ.

Ní ọjọ́ tá a padà lọ síbẹ̀ (ibẹ̀ nìkan la lọ lọ́jọ́ yẹn), mo ti ń rò ó lọ́kàn pé kìnnìún ni ẹ̀gbọ́n máa fẹ́ dúró wò. Ó wo kìnnìún, ó ní ó ń rùn, ó kọjá lọ. Ibi ìjàpá ló dúró sí. Ó lóṣòó síwájú ẹ̀, ìjàpá ń jẹ ewé, ọrùn ẹ̀ hunjọ bíi tàgbàlagbà, ewé kan ń fì lẹ́nu ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń jẹ ẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ọmọ mi ò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló bi mí pé, "Mọ́mì, Yánníbo dà?" Mo ní ó ṣeé ṣe kó ti lọ sọ́jà. Ló bá tún tẹ orí sílẹ̀, ó ń wo igbá ẹ̀yìn ẹ̀, gbogbo ojú ìlà tó pín in sí wẹ́wẹ́ yẹn, ó fìka tọ ọ́ lókèèrè, ó ní, "Ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ nìyẹn, nígbà tó jábọ́ látọ̀run." Àlọ́ tí màmá àgbà máa ń pa fún wọn ló ń rántí o! A lò tó ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, mo ti fà á lọ́wọ́ dìde pé ká lọ wo òmíì, owó la san. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ló mú ohun tó fẹ́ wò, kẹ́ ẹ bá a jókòó tì í.

Ọgbà Àgọ́dì, ó dáa fún ọmọ tó fẹ́ sáré. Pápá wà, adágún omi wà, jáńgílófà wà, odò ìwẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, zoo lòun náà nígbà yẹn, àmọ́ nígbà tí odò Ògùnpa ya lóṣù kẹjọ ọdún 1980, omi ba ọgbà náà jẹ́, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹranko lọ. Ó pẹ́ kó tó dìde, ọdún 2014 ló ṣí padà lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe. Tí òbí yín bá wà n'Íbàdàn lọ́dún 1980, ẹ mú wọn dání, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún ọmọ lórí koríko níbẹ̀ bí omi ṣe ya wọ ìlú, ọmọ máa gbọ́ ọ ju bí ẹ̀yin ṣe máa sọ ọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ omi yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀. Ọmọ tó bá ń rì kì í pariwo. Kì í ké "Mọ́mì gbà mí" o, kì í ju ọwọ́ bíi ti inú fíìmù, ńṣe ló máa dákẹ́ táá wọ ìsàlẹ̀ lọ láàárín ìgbà tẹ́ ẹ bá fi dáhùn ẹyọ WhatsApp kan. Torí náà, tọ́mọ bá wà nínú omi, kódà omi tó mọ lórúnkún, ẹ̀yin náà ẹ wọ inú omi, ẹ wà níbi tọ́wọ́ yín ti lè bà á, kí fóònù wà nínú báàgì. Tó bá jẹ́ méjì lẹ̀yin òbí, ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu: "Ìwọ lo ń wò ó báyìí." Nítorí ibi tí gbogbo èèyàn bá ti ń ṣọ́ ọmọ, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Jáńgílófà àti ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ wálẹ̀ yẹn náà, ẹ fọwọ́ yín kàn án kí ọmọ tó gun orí ẹ̀. Ibi ìṣeré kan wà n'ígboro tí ìṣó ti yọ orí lábẹ́ ìjókòó, ó fa ọmọ mi nítan ya, a gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn dípò áísìkirímù. Ọ̀sán gangan, irin yẹn á tún gbóná débi tó lè bó ọmọ lára. Ìṣẹ́jú kan ni, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Tọ́mọ bá ti tó mẹ́rin, tó lè gun àtẹ̀gùn, ẹ mú un lọ sí ilé gogoro Bower ní Òkè Ààrẹ. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n fi rántí Bower, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ n'Íbàdàn, gíga ẹ̀ tó 60 ẹsẹ̀ bàtà, àtẹ̀gùn ẹ̀ sì lọ́ roboto bí ìkarahun ìgbín. Ẹ jẹ́ kó kà á bó ṣe ń gùn ún, 47 ni, ọmọ tí ò tíì mọ 47 kà á mọ̀ ọ́n kó tó délẹ̀. Kékeré, ẹ pọ̀n ọ́n gírígírí, ọ̀nà yẹn há. Tẹ́ ẹ bá dókè, páànù tó ti dípata lẹ máa rí títí tójú fi máa rẹ̀ yín, ẹ ní kó wá ibi tí ilé yín wà.

Cocoa House ní Dùgbẹ̀, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ wọlé, ẹ dúró sódìkejì títì kí ọmọ gbójú sókè, àjà 26 ni, ọdún 1965 ni wọ́n parí ẹ̀, owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ẹ ra bọ̀ọ̀lì, ẹ máa lọlé. Òde nìyẹn náà. Míúsíọ̀mù tó wà ní Aleṣinlọ́yẹ, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ẹ dúró kí ọmọ tó bíi méje, nǹkan tá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn kì í dùn mọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Sinimá náà, òkùnkùn àti ariwo ẹ̀ máa ń já wọn láyà nígbà àkọ́kọ́, ẹ jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.

Èyí táwọn ọmọ mi máa ń bẹ̀ mí fún jù báyìí ni rélùwéè. Látoṣù kẹfà ọdún 2021 ló ti ń gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn, kìlómítà 157, ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mòníyà lẹ ti máa wọ̀ ọ́. Ẹ ò ní láti dé Èkó o, ẹ sọ̀ ní Abẹ́òkúta, ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká. Rélùwéè fúnra ẹ̀ ni òde náà, ẹ má fi Òkúta Olúmọ kún un lọ́jọ́ kan náà, ó máa dọjọ́ tiẹ̀. Ẹ yẹ àkókò èyí tẹ́ ẹ máa wọ̀ padà wò kẹ́ ẹ tó ra ti àlọ rárá, torí wọn kì í pọ̀ lójúmọ́. Mòníyà sì jìnnà sí ìgboro, ẹni tó ń bọ̀ láti àdúgbò Challenge, kó tètè gbé dírọ́ọ̀pù Micra láàárọ̀. Ojú fèrèsé ni kí ọmọ jókòó.

Tójò bá wá rọ̀ láàárọ̀ Sátidé ńkọ́? Ẹ sọ fún wọn pé ó di ọ̀sẹ̀ míì, kẹ́ ẹ tẹ́ ankara yẹn sí pálọ̀, ẹ bu jọ́lọ́ọ̀fù inú kúlà síbẹ̀, ẹ ṣe bojúbojú, ẹ pa àlọ́. Wọn ò ní bínú tó bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti délé, ẹ wẹ̀ fún wọn, kẹ́ ẹ pe màmá àgbà lórí fóònù kí wọ́n ròyìn fún un. Lálẹ́ ọjọ́ zoo yẹn, màmá bi ẹ̀gbọ́n léèrè kí ló rí. Kò dárúkọ kìnnìún. Ó ní, "Màmá, mo rí Ìjàpá, ó ń jẹun, ara ẹ̀ ti san."