Bí a ṣe ń wá àléébù inú ampilifáyà fáàfù tí a fọwọ́ ara wa tò

Ampilifáyà fáàfù tí ẹ tò nílé, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi fáàfù (ìgò gíláàsì kékeré tó ń gbóná) mú ohùn ròkè, kọ̀, kò dún. Tàbí ó dún, àmọ́ ariwo ló ń pa. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni kí wọ́n lọ ra fáàfù míì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná. Òkè òkun ni fáàfù tuntun ti ń wá, láti Slovakia, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà, kì í sì í ṣe owó kékeré. Nínú ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, iṣẹ́ ọwọ́ wa ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí: wáyà tó ṣìnà, lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tí a ń yọ́ láti fi lẹ wáyà) tí kò mú.

Ẹ̀rọ kékeré tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ṣẹ́ ni màá fi ṣàlàyé: fáàfù ECC83 kan níwájú, fáàfù EL84 kan tó ń gbé sípíkà, iná bíi 250 fólítì nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Iná yẹn lè pa èèyàn. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, kì í ṣe kí ẹ kàn pa súwíìṣì. Síbẹ̀, kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ ṣì lè di iná mú. Ẹ mú rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) 10 kilo-óòmù, 5 wáàtì, tí a ti fi rọ́bà bo wáyà rẹ̀, kí ẹ fi so ẹnu kapásítọ̀ mọ́ ṣasí (àpótí irin tí a to ẹ̀rọ náà sí) fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà wò ó bóyá ó ti di òdo. Tó bá di dandan kí iná wà lára rẹ̀ kí ẹ tó wọn nǹkan, ẹ fi kílíìpù so wáyà dúdú mítà mọ́ ṣasí, kí ọwọ́ kan ṣoṣo máa ṣiṣẹ́, kí èkejì wà lẹ́yìn yín. Ẹ má sì tàn án láìsí sípíkà lẹ́nu rẹ̀, torí tiransífọ́mà sípíkà, èyí tó wà láàárín EL84 àti sípíkà, lè bàjẹ́.

1. Ẹ fojú wò ó

Ẹ gbé àwòrán ẹ̀rọ náà síwájú, kí ẹ máa sàmì sí wáyà kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń rí i. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà níbi kíka ẹsẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáàfù. Láti ìsàlẹ̀, níbi tí a ti ń jó lẹ́ẹ̀dì, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí la ṣe ń kà á. Ẹni tó bá kà á bẹ́ẹ̀ láti òkè ti kà á sódì. Ẹ wo ECC83 náà: tó bá jẹ́ 6.3 fólítì lẹ fún un láti mú inú rẹ̀ gbóná, ẹsẹ̀ 4 àti 5 gbọ́dọ̀ so pọ̀, kí wáyà kejì lọ sí ẹsẹ̀ 9. Tí ẹ bá fi 6.3 sáàárín 4 àti 5, á kàn máa tàn bàìbàì ni, ohùn á sì kú.

2. Ẹ tàn án pẹ̀lú gílóòbù

Ẹ jẹ́ kí iná gba inú gílóòbù 60 wáàtì kọjá kó tó dé ẹ̀rọ. Gílóòbù àtijọ́ onírin tín-ín-rín ni o, LED ò lè ṣe é. Tó bá tàn gbòò tí kò sì rọlẹ̀, wáyà ti kan wáyà níbì kan. Ẹ yọ fáàfù kúrò, kí ẹ tún un tàn. Tó bá ṣì tàn gbòò, apá tiransífọ́mà iná ni kí ẹ wò.

3. Ẹ wọ̀n ọ́n

Ibí yìí ni ẹ̀rọ ti ń sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ yọ gílóòbù yẹn kúrò lójú ọ̀nà iná. Lára EL84, ẹsẹ̀ 7 àti 9 máa ń súnmọ́ 250 fólítì. Ẹsẹ̀ 3 ló ṣe pàtàkì jù. Ká ní rẹsísítọ̀ 150 óòmù ló wà láàárín rẹ̀ àti ṣasí, tí ẹ sì rí 7 fólítì: 7 tí a fi 150 pín jẹ́ nǹkan bíi 47 mílíámúpù, ó dára. Tó bá jẹ́ 10 fólítì, á kọjá 66 mílíámúpù; tí a bá fi 250 fólítì sọ ọ́ di púpọ̀, ó ti ju 12 wáàtì tí fáàfù náà lè gbà. Láìpẹ́ irin inú rẹ̀ á pọ́n. Ẹ pa á kíá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹsẹ̀ 2. Òdo ló yẹ kó wà. Tí ẹ bá rí 1 tàbí 2 fólítì, ẹ pa iná, ẹ tú u kúrò nínú kapásítọ̀, kí ẹ tú ẹnu kan kapásítọ̀ tó wá láti ECC83, kí ẹ tún un wọ̀n. Tó bá padà sí òdo, kapásítọ̀ náà ló ń jò. Tí kò bá padà, a jẹ́ pé fáàfù gan-an ni, ẹ lè wá lọ ra òmíràn.

4. Ariwo

Tó bá ń kùn, ẹ pa á, ẹ yọ ECC83, kí ẹ tún un tàn. Tó bá dákẹ́, iwájú ni ọ̀rọ̀ wà: ẹ lọ́ wáyà tó ń fún fáàfù ní 6.3 fólítì pọ̀, kí ẹ sì kó wáyà ilẹ̀ jọ sí ojú kan. Tí kò bá dákẹ́, ẹ wo kapásítọ̀ ńlá.

Tó bá ń dún pù-pù-pù, kapásítọ̀ tó ń fọ iná fún ECC83 ni kí ẹ pààrọ̀. Tó bá ń ké fíìì látìgbà tí ẹ ti so wáyà tó ń dá ohùn padà láti sípíkà, ẹ gbé wáyà méjèèjì tiransífọ́mà sípíkà dípò ara wọn.

Tó bá ń ta pá-pá, ẹ fi igi gbígbẹ kan máa gbá oríkèé lẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́ nígbà tó ń dún. Ẹ má lo pẹ́ńsù, torí dúdú inú rẹ̀ ń gbé iná. Oríkèé tó bá fèsì, ẹ pa iná, kí ẹ tún un jó.

Nígbà tó bá ti ń dún dáadáa, ẹ wọn gbogbo ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ kọ fólítì wọn sínú ìwé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí ẹ̀rọ náà.