Òróró Lápálápá: Ẹ Má Jẹ́ Kó Dé Ọpọ́n Ewúrẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Iléṣà àti àwọn abúlé tó yí i ká, ẹ kú iṣẹ́ o. Lápálápá, tí àwọn kan ń pè ní bòtújẹ̀, pọ̀ lẹ́yìn ilé wa. A fi ń sọgbà, ewúrẹ́ kì í fẹ́ jẹ ewé rẹ̀, ẹ̀ka tí a bá gún mọ́lẹ̀ á sì hù. Èso rẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù.

Bó bá gbó, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á wá dúdú. Ẹ fọ́ ọ, kóró dúdú 3 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Inú kóró yìí funfun bí ẹ̀pà tútù, ó dùn díẹ̀ lẹ́nu, adùn yẹn ló sì ń tan ọmọdé. Ẹ sín in mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀, ẹ ṣáná sí i, á máa jó bí àbẹ́là, torí pé òróró inú rẹ̀ pọ̀.

Nínú òróró yìí ni májèlé tí wọ́n ń pè ní phorbol ester wà. Májèlé mìíràn, curcin, wà nínú kóró náà. Sísè lè pa ìyẹn. Phorbol ester kò gbọ́ ti iná: bí wọ́n tilẹ̀ yan án ní 160°C fún 30 ìṣẹ́jú, ibẹ̀ ló ṣì wà. Ẹni tó bá ní òun ti yan án dáadáa kò tíì yọ ewu kúrò.

Ohun tó ń ṣe nínú ara nìyí. Sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, ló kọ́ ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ìfun àti awọ. Inú sẹ́ẹ̀lì ni DNA wà, àkọsílẹ̀ tí ẹran jogún lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá rẹ̀. Kí sẹ́ẹ̀lì kan tó di méjì, ó gbọ́dọ̀ da DNA yìí kọ látòkèdélẹ̀. Nínú ìfun, ojoojúmọ́ ni. Nínú ẹ̀dọ̀ ẹran tó ti dàgbà, ó ṣọ̀wọ́n. Àṣẹ ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí akéde ọba: á lu agogo, á jíṣẹ́, á gbalé lọ. Phorbol ester ni akéde èké tó jókòó sójú agbo, tí kò dẹ́kun agogo. Ní 1982, àwọn oníwàádìí ní Kobe, ilẹ̀ Japan, rí i pé protein kinase C, tó ń gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ni phorbol ester ń jí. Tí wọ́n bá fi phorbol ester kun awọ eku, dídà DNA kọ á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, á wá ròkè kọjá ààlà. Láti 1941 ni oníwàádìí kan tó ń jẹ́ Berenblum ti fi òróró igi croton, ẹbí lápálápá, hàn pé ó ń mú kí jẹjẹrẹ tí nǹkan mìíràn ti dá sílẹ̀ nínú awọ eku máa dàgbà.

Ewúrẹ́ àti ọmọ màlúù tí wọ́n fún ní kóró yìí ní Sudan ya ìgbẹ́ gbuuru, wọn ò jẹun mọ́, wọ́n sì kú. Ìfun, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn ti bàjẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá fún òróró rẹ̀ fún ọṣẹ tàbí fìtílà, ẹ má kó èérí rẹ̀ fún adìẹ tàbí àgùntàn, bó ti wù kí oúnjẹ ẹran wọ́n tó. Inú ilẹ̀ oko ló wúlò sí bí ajílẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi òróró náà pa ara ẹran tó ń yún. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò tí a ń rọ òróró ọbẹ̀ sí.

Ọmọ tó bá jẹ kóró rẹ̀ á máa bì, inú á máa run ún, á sì máa yàgbẹ́ olómi. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìyá, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Omi ló ń tán lára rẹ̀: ẹ máa fún un ní ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín, kí ẹ sì mú kóró tó kù dání.