Ẹni Tó Ti Ọsibítù Kòrónà Dé: Bí Àyà Bá Ń Dùn Ún Lójijì, Ẹ Má Fi Òróró Ra Á

Ìwé yìí wà fún ilé tí ẹnì kan ti ṣe àìsàn kòrónà tó le, tí wọ́n fi ọ́síjìn tọ́jú ní ọsibítù, tó sì ti padà sílé. A kò ní tún sọ ti ọwọ́ fífọ̀ àti ìbòmú níbí. Láti oṣù Kejì ọdún 2020 tí wọ́n ti rí ẹni àkọ́kọ́ tó kó o wọ Nàìjíríà, tó gba Èkó dé Ewékorò, gbogbo wa ti gbọ́ ìyẹn. Àwọn tó yè é ní ọsibítù tí wọ́n sì wá kú sílé ló mú wa kọ̀wé. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n lójijì, àwọn ará ilé sì ń fi òróró ra á títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kòrónà tó le máa ń ba ara ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ibòmíràn á fẹ́lẹ́, ibẹ̀ sì lè ya. Bó bá ti ya, afẹ́fẹ́ á jò sí àárín ẹ̀dọ̀fóró àti egungun ìhà, níbi tí kò yẹ kó wà, á sì máa ti ẹ̀dọ̀fóró títí yóò fi sún kì. Kò wọ́pọ̀: nínú 100 èèyàn tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù nítorí kòrónà, nǹkan bí ẹnì kan ni. Ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí ló máa ń ṣe jù, ṣùgbọ́n ó ti ṣe ẹni tí wọn kò gbé sórí ẹ̀rọ rí, ó sì ti ṣe ẹni tí wọ́n ti dá sílẹ̀.

Báyìí ni ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ìrora á ṣàdédé gún un ní ìhà kan, á pọ̀ sí i bó bá mí kanlẹ̀, èémí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Nígbà mìíràn ọrùn tàbí òkè àyà á wú; bí ẹ bá rọra fi ìka tẹ ibẹ̀, á dún pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ lábẹ́ awọ bí ìgbà tí èèyàn fún ọ̀rá lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ tó jò ni. Kì í ṣe májèlé, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe é sí i.

Ẹ má ra á. Ẹ má wọ́ ọ. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i láyà. Ẹ má fún un ní àgbo kí ẹ wá máa wò ó di òwúrọ̀. Bí ìrora àti èémí kúkúrú bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì òru, aago méjì òru náà ni kí ẹ wá ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó nínú ọkọ̀, ẹ má fipá dà á dùbúlẹ̀. Ọsibítù tó ní ọ́síjìn àti ẹ̀rọ ìyàwòrán àyà ni kí ẹ gbé e lọ. Bí ẹ bá ti dé ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti sọ ọ́ pé ó ti ṣe kòrónà tó le, kí ẹ sì sọ ìhà tó ń dùn ún àti aago tó bẹ̀rẹ̀.

Bí dókítà bá ní òun fẹ́ ti rọ́bà bọ àárín egungun ìhà kí afẹ́fẹ́ lè jáde, ẹ gbà fún un. A ti rí ìdílé tó gbé èèyàn wọn sá kúrò ní ọsibítù nítorí rọ́bà yìí, pé wọ́n fẹ́ dá ihò sí i láyà. Rọ́bà yẹn ni ìwòsàn. Ìgò tó so mọ́ ọn kò gbọdọ̀ ga ju àyà aláìsàn lọ, ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì gbọdọ̀ ká rọ́bà náà kò tàbí kó dì í.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti wo ọ́síjìn, ẹ lò ó bó ṣe yẹ. Kí aláìsàn kọ́kọ́ jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú 5. Kí ọwọ́ rẹ̀ móoru, kí làálì tàbí ọ̀dà má sí léèékánná. Ẹ fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí ẹ tó kà á. 95 sókè dára. 93 tàbí 94, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìlera lọ́jọ́ náà. 92 wá sílẹ̀, ọsibítù ni. Ẹ sì mọ̀ pé lára awọ dúdú, ẹ̀rọ yìí lè kà á ju bó ṣe wà lọ. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020 fi èyí hàn. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá dára ṣùgbọ́n tí aláìsàn kò lè sọ gbólóhùn kan tán láìdúró mí, aláìsàn ni kí ẹ gbà gbọ́.

Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tí iṣan rẹ̀ ń dùn, tí èémí sì kúrú, ẹ̀jẹ̀ tó dì lè ti rìn dé ẹ̀dọ̀fóró. Ọsibítù kan náà ni, wàràwàrà náà sì ni.

Ọ̀rọ̀ oògùn dexamethasone wá kù, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní dexa, tí àwọn kan ń gbé mì kí wọ́n lè sanra. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2020 fi hàn pé mílígíráàmù 6 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tí kò kọjá ọjọ́ 10, ń dín ikú kù fún ẹni tó ń gba ọ́síjìn. Kò ṣe ẹni tí kò nílò ọ́síjìn láǹfààní. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú páálí kì í ṣe oúnjẹ ilé: ó ń dín agbára ara kù láti bá èébu, irú èyí tó ń hù lára oúnjẹ tó ti bu, jà, èébu sì lè hù nínú ẹ̀dọ̀fóró tí kòrónà ti bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà ṣì ní kó máa lò ó kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé kò gbọdọ̀ yin àgbàdo tó ti bu, kó gbá ilé adìẹ, tàbí kó yí ààtàn. Eruku ibẹ̀ kún fún èébu. Kó jìnnà sí èéfín gààrí àti ti ẹja yíyan, kó má sì fẹnu kan sìgá. Bí ìgò ọ́síjìn bá wà nílé, kí iná ààrò jìnnà sí i ní mítà 3, ó kéré tán.

Kó má gbé pọ́ǹpù ìfinko lítà 16 kọ́ ẹ̀yìn, kó má gun ọ̀pẹ, kó má fa ẹ̀gẹ́ tu, àfi bí dókítà bá yọ̀ǹda. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń sọ pé "Bàbá ti lágbára, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ wo oko", ẹ lọ wo oko náà fún wọn. Kó padà lọ rí dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 tó kúrò ní ọsibítù, kó sì ya àwòrán àyà ní ọ̀sẹ̀ 12. Kí ẹ mú àwòrán ti àkọ́kọ́ dání, kí dókítà lè fi wé e.